Ilé olódi tàbí ilé ọlọ́lá: èwo ni kí ẹ lọ wò ní Káúńtì Cork?

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan tàbí méjì láti fi wo ilé àtijọ́ ní Káúńtì Cork, lápá gúúsù Áyálándì, kì í pẹ́ tó fi máa gbọ́ orúkọ Blarney, ilé olódi kan lẹ́bàá ìlú Cork. Orúkọ yẹn ti gbilẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wá òmíràn mọ́. Wọ́n á tò sórí ìlà, wọ́n á fẹnu ko òkúta, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ilé. Blarney dára, a ó sì sọ ibi tó dára sí. Ṣùgbọ́n Cork ni káúńtì tó fẹ̀ jù ní gbogbo Áyálándì, àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ kò sì jọra rárá. Òmíràn jẹ́ ògiri lásán tí kò lórùlé. Òmíràn ṣì ní àga, àwòrán àti ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn tó ni ín kó jọ. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ onílé ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi yan èyí tí ẹ máa lọ. Àkọ́kọ́, kí ni ojú yín fẹ́ rí: ògiri àti ọgbọ́n ogun, yàrá àti ohun inú ilé, tàbí ọgbà? Èkejì, kí ni yóò gbé yín débẹ̀: ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì, tàbí mọ́tò yín? Ẹ̀kẹta, ta ni ẹ jọ ń lọ? Màmá tó wá láti ilé tí orúnkún ń dùn kò lè gun ibi tí ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún máa gùn.

Èrò tiwa rèé kí ẹ tó kà jìnnà: ẹni tí kò ní mọ́tò, tó sì ní ọjọ́ kan péré, kó lọ sí Barryscourt àti Fota. Ẹni tó ní mọ́tò tó sì lè sùn síta ní òru kan, Bantry ni kó forí lé. Blarney wà fún ẹni tó fẹ́ràn ọgbà, tó sì lè tètè jí.

Ìdí tí ilé tó ṣì ní ẹrù nínú fi ṣọ̀wọ́n

Ilé olódi pọ̀ ní Cork, ilé ọlọ́lá tó ṣì ní ohun inú rẹ̀ ni kò pọ̀. Owó ìṣákọ́lẹ̀ làwọn ọlọ́lá yẹn ń jẹ. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1903 jẹ́ kó rọrùn fún àwọn àgbẹ̀ láti ra oko tí wọ́n ń dá, owó yẹn gbẹ, àmọ́ òrùlé ńlá kò yéé béèrè àtúnṣe. Lẹ́yìn náà ni ogun òmìnira àti ogun abẹ́lé dé. Ní 1921 wọ́n dáná sun Castle Bernard lẹ́bàá Bandon, wọ́n sì sun ilé àwọn Puxley ní Dunboy. Ní 1922 ó kan ilé olódi Mitchelstown. Àwọn òkúta ilé Mitchelstown yìí ni wọ́n kó lọ kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì ní Mount Melleray, ní Káúńtì Waterford. Bowen's Court, ilé ọlọ́lá ìdílé Bowen, bọ́ lọ́wọ́ iná, àmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ àìlówó: wọ́n tà á, ẹni tó rà á sì wó o palẹ̀ ní 1961.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ilé kan tí àwòrán ṣì wà lára ògiri rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó yọ bọ́ ni. Mẹ́ta lára irú wọn tí ará ìta lè wọ̀ ni Bantry, Fota àti Doneraile.

Barryscourt àti Fota: ìdílé kan, ilé méjì

A fi méjì yìí síwájú nítorí pé kò sí ibòmíràn ní Cork tí ẹ ti lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo rí bí ilé ogun ṣe di ilé ìgbádùn. Ìdílé kan náà ló sì ni méjèèjì. Ìran Norman, àwọn jagunjagun tó ti Ìlú Ọba wọ Áyálándì, ni àwọn Barry, ọ̀rúndún 12 ni wọ́n dé agbègbè yìí. Barryscourt, lẹ́bàá ìlú Carrigtwohill, ni ibùjókòó wọn. Ẹ̀ka ìdílé yìí tí wọ́n wá ń pè ní Smith-Barry ló kọ́ ilé Fota sórí erékùṣù inú èbúté Cork, kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn baba ńlá wọn gbé.

Ilé gogoro olókùúta ni Barryscourt, ọ̀rúndún 16 ni wọ́n sì kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀. Ní 1581, nígbà tí Walter Raleigh, ọ̀gá ọmọ ogun Ìlú Ọba, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń bọ̀, àwọn Barry fúnra wọn ló ba ilé náà jẹ́ kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. David Barry ló tún un ṣe lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá dé gbọ̀ngán òkè, ẹ má ṣe yára kọjá níwájú ibi ìdáná tó wà lára ògiri. Ẹ wo òkúta tó dábùú orí rẹ̀: wọ́n gbẹ́ ọdún 1588 sí i, pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ David Barry àti ti ìyàwó rẹ̀, Ellen Roche. Ọdún méje péré lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ba ilé náà jẹ́ ni wọ́n fi orúkọ ara wọn sára òkúta pé àwọn tún un ṣe.

Ilé irú èyí ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó oúnjẹ àti ẹrù sí, ibẹ̀ ṣókùnkùn, ihò tóóró ló sì dípò wíńdò, nítorí ìsàlẹ̀ ni ọ̀tá máa kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni wíńdò ń fẹ̀ sí i, òkè sì ni onílé ń gbé. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé, ihò kan wà lórí àjà tí wọ́n ń gbà ju òkúta lu ẹni tó bá fipá wọlé. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í kíyè sí nínú ilé gogoro ilẹ̀ Áyálándì: ẹ gbójú sókè wo àjà olókùúta tó rí kọdọrọ. Lára ọ̀pọ̀ irú àjà bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ojú igi tín-ín-rín tí wọ́n hun bí agbọ̀n nínú àpòrọ́ tó ti gan. Wọ́n á kọ́kọ́ hun igi, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, wọ́n á to òkúta àti àpòrọ́ lé e lórí. Tó bá gbẹ tán, wọ́n á yọ igi kúrò, àmọ́ ojú rẹ̀ kò ní parẹ́. Ìyẹn ni ojú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́lé, ó sì ju ọ̀rọ̀ ọba àti ogun lọ lójú tiwa.

Ìjọba ló ń tọ́jú Barryscourt lábẹ́ àjọ OPW. Ó wà ní títì láti 2016, wọ́n sì ṣí i padà ní 2024. Amọ̀nà ló ń mú ènìyàn wọlé, àwọn tó ń wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì níye. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ kan ti wọlé máa dúró de ọ̀wọ́ tó kàn. Kì í tún ṣí yíká ọdún. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ ti òkúta, ó ń lọ́ yíká bó ṣe ń gòkè, gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò lè gòkè.

Ẹ wá gba ibẹ̀ lọ sí Fota kí ẹ rí ìyàtọ̀. Ilé kékeré tí wọ́n ń dé sí tí wọ́n bá wá ṣọdẹ ni Fota tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1820, John Smith-Barry gba ayàwòrán-ilé Richard Morrison àti ọmọ rẹ̀ William Vitruvius láti sọ ọ́ di ilé ńlá. Yàrá inú rẹ̀ lé ní 70. Wíńdò rẹ̀ fẹ̀, ó sì sún mọ́ ilẹ̀, torí wọn ò retí ẹni tó máa fi àkàsọ̀ gun ilé wọn mọ́. Gbọ̀ngán àbáwọlé gùn lọ ní iwájú ilé, òpó aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán sì tò síbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lóòkán máa pè é ní òkúta mábù, bẹ́ẹ̀ àpòrọ́ tí wọ́n po àwọ̀ mọ́, tí wọ́n wá yún títí ó fi ń dán, ni.

Ibi tí Fota ti ju ọ̀pọ̀ ilé ọlọ́lá lọ ni apá àwọn ìránṣẹ́. Ilé ìdáná ńlá wà níbẹ̀, yàrá tí wọ́n ń so ẹran ìgbẹ́ kọ́ sí wà, yàrá àwọn ìránṣẹ́ náà wà. Ẹ ó rí ẹni tó ń se oúnjẹ àti ibi tó ń sùn, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ́ nìkan. A gba ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lẹ́yìn nímọ̀ràn pé apá yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó rẹ̀ wọ́n. Irish Heritage Trust ló ń bójú tó ilé náà báyìí, ó sì ní àwòrán ilẹ̀ Áyálándì ti ọ̀rúndún 18 àti 19 tó pọ̀ lára ògiri.

Lẹ́yìn ilé ni ọgbà igi wà, ó tó hẹ́kítà 11, ọ̀fẹ́ sì ni. Láàárín ọ̀rúndún 19 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín. Òtútù kì í mú jù ní èbúté yẹn, ìdí nìyẹn tí igi tó wá láti Éṣíà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Màmá tí kò lè gun àtẹ̀gùn lè rìn níbẹ̀ tàbí kó jókòó. Ọgbà ẹranko Fota tí wọ́n ṣí ní 1983 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dá wà, ó sì lè gba gbogbo ọjọ́ yín. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ilé náà tí ẹ bá fẹ́ dé Barryscourt lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀nà débẹ̀: ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Kent nínú ìlú Cork. Ẹ̀ka méjì ni ọ̀nà yẹn ní, Glounthaune ni wọ́n sì ti pínyà. Èyí tó ń lọ Cobh ló ń dúró ní Fota, èyí tó ń lọ Midleton ló ń dúró ní Carrigtwohill. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Midleton pé òun ń lọ Fota kò ní rí Fota rárá, àṣìṣe yẹn sì wọ́pọ̀ nítorí pé ibùdókọ̀ kan náà ni méjèèjì ti ń gbéra. Tí ẹ bá fẹ́ ti ọ̀kan dé èkejì, ẹ padà sí Glounthaune, kí ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Ibùdókọ̀ Fota súnmọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà gan-an. Ti Carrigtwohill ni ẹ máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, bí ìlàjì wákàtí, nítorí apá àríwá ìlú ni ibùdókọ̀ wà, Barryscourt sì wà ní gúúsù. Ẹ fi Barryscourt sí òwúrọ̀, Fota sí ọ̀sán, torí ọgbà kò ní tì mọ́ yín bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ lọ́nà.

Blarney: ohun tí owó yín ń rà

Cormac Láidir MacCarthy ló kọ́ ilé gogoro tó wà ní Blarney ní 1446. Òkúta tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lókè pátápátá, bí mítà 26 sí ilẹ̀, àtẹ̀gùn tó lọ síbẹ̀ sì lé ní 120 ìgbésẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹnu kò ó máa di ẹlẹ́nu dídùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ògiri òkè ilé náà yọ síta ju ògiri ìsàlẹ̀ lọ, àlàfo sì wà láàárín ibi tí ènìyàn ń tẹ̀ àti ògiri ìta yẹn, èyí tí wọ́n ń gbà ju nǹkan lu ọ̀tá tó bá dé ìdí ilé. Ara ògiri ìta yẹn, nísàlẹ̀, ni òkúta náà wà. Nítorí náà, ẹ máa fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ó di ọ̀pá irin méjì mú, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á sì dì yín mú bí ẹ ṣe ń rọ orí sẹ́yìn sínú àlàfo náà. Wọ́n ti fi irin dí abẹ́ rẹ̀, ènìyàn kò lè já bọ́. Àmọ́ ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tí òòyì ń kọ́ níbi gíga, àti aláboyún, kí wọ́n má ṣe é. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà lápò àyà jáde kí ẹ tó dùbúlẹ̀: gíláàsì ojú, fóònù, owó ẹyọ.

Ohun tó ń bà á jẹ́ fún ènìyàn ni ìlà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń gba àtẹ̀gùn yẹn, ọ̀nà ìgòkè yàtọ̀ sí ti ìsọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá sì ti wọ̀ ọ́ kò rọrùn fún un láti yípadà. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ìlà yẹn lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ òkun ńlá tó ń kó arìnrìn-àjò gúnlẹ̀ sí Cobh, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì sì ti ń kó wọn wá sí Blarney. Àwọn aláṣẹ èbúté Cork máa ń gbé ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ yan ọjọ́ tí kò sí ọkọ̀. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, kí ẹ gun òkè kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Nínú ilé gogoro náà, kò sí àga, kò sí àwòrán, kò sí òrùlé. Ẹni tó ń wá yàrá tó kún kò ní rí i níbẹ̀. Ọgbà ló yẹ ká tìtorí rẹ̀ san owó, ó sì lé ní éékà 60. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọgbà májèlé kan sí ìdí ilé gogoro náà, wọ́n kọ orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan àti ohun tó lè ṣe fún ènìyàn síwájú rẹ̀. Lárà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan kan. Fún ọgbà nìkan, wákàtí méjì kò pọ̀ jù.

Blarney House, ilé ọlọ́lá tí ìdílé Colthurst kọ́ ní 1874, wà nínú ọgbà kan náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọ inú rẹ̀, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ilé gogoro. Tó bá bọ́ sí àsìkò tí ẹ lọ, ẹ wọ̀ ọ́, torí òun ló ní ohun tí ilé gogoro kò ní. Blarney tó kìlómítà 8 sí àárín ìlú Cork, bọ́ọ̀sì 215 sì ń lọ síbẹ̀.

Bantry tàbí Fota fún ẹni tó fẹ́ rí yàrá

Tí ẹ bá bi wá, Bantry ju Fota lọ, àmọ́ ó jìnnà. Ó tó kìlómítà 90 sí ìlú Cork, ọ̀nà rẹ̀ sì ń kọ́ kọ́rọ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì yóò lò tó wákàtí méjì ní àlọ nìkan. Ẹ̀san ìrìn náà ni pé ilé tí ìdílé tó ni ín ṣì ń gbé ni. Fota fara hàn bí ilé tí wọ́n tún ṣe dáadáa fún àlejò. Bantry ní ibi tí àwọ̀ ti ń ṣá àti ibi tí aṣọ ti ń gbó, ohun tó sì wà níbẹ̀ ti pẹ́ níbi tó wà.

Ìtàn ilé náà so mọ́ oṣù Kejìlá 1796. Àwọn ọkọ̀ ogun Faransé kó bí 15,000 ọmọ ogun wá láti ran àwọn Áyálándì lọ́wọ́ lòdì sí ìjọba Ìlú Ọba, Wolfe Tone, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Áyálándì, wà láàárín wọn. Ìjì kò jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀ ní Bantry. Richard White, onílé, ló ṣètò ìgbèjà fún ìjọba, wọ́n sì fi oyè baron dá a lọ́lá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú yàrá ìjẹun tí ògiri rẹ̀ jẹ́ búlúù, àwòrán Ọba George Kẹta àti Olorì Charlotte ṣì wà nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ óò lóye bí ọlọ́lá kan ṣe ń fi ògiri ilé rẹ̀ sọ ẹni tí òun ń sìn, ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kò ti fẹ́ ọba náà.

Ọmọ Richard White, tó di Earl Kejì ti Bantry, ló rin Yúróòpù já tó ń ra nǹkan bọ̀. Òun ló kó aṣọ ara ògiri tí wọ́n hun ní Faransé wá, wọ́n sì ń sọ pé Marie Antoinette, ayaba Faransé, ni wọ́n hun ọ̀kan nínú wọn fún. Òun náà ló ṣe ọgbà náà ní ìpele ìpele. Àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ń pè ní Ọgọ́rùn-ún Ìgbésẹ̀ gun òkè láti ẹ̀yìn ilé. Tí ẹ bá dé orí rẹ̀, ẹ máa rí òrùlé ilé, ọgbà, omi Bantry àti àwọn òkè tó wà lódì kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò lè gùn ún lè rí omi yẹn láti iwájú ilé, àmọ́ kò tó ti òkè.

Ní 1946 ni Bantry ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìta, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Áyálándì. Owó tí ẹ ń san ló ń ran òrùlé yẹn lọ́wọ́, ìjọba kọ́ ló ni ín. Ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìwọ́wé ló ń ṣí. Ẹni tó bá débẹ̀ nínú oṣù kìíní máa bá a ní títì. Ó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé láti àárín ìlú Bantry, nítorí náà ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì kò nílò takisí.

Bí a bá fi wọ́n síra wọn: fún ìtura ẹsẹ̀ àti fún ọkọ̀ ojú irin, Fota. Fún bí àwọn ìránṣẹ́ ṣe gbé, Fota. Fún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n kó jọ àti fún ìwo omi àti òkè, Bantry. Fún ọjọ́ òjò, Fota, nítorí ìdajì adùn Bantry wà níta.

Àríwá káúńtì: Doneraile àti Kanturk

Ìlú Mallow wà láàárín méjèèjì. Doneraile wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, Kanturk sì wà ní ìwọ̀ oòrùn, bí kìlómítà 20. Láìsí mọ́tò, ẹ má ṣe dáwọ́ lé méjèèjì lọ́jọ́ kan.

Ìdílé St Leger ló gbé ní Doneraile Court títí di 1969. Irish Georgian Society, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, kò jẹ́ kó wó, OPW sì ṣí i fún àlejò ní 2019. Kò ní ẹrù tó Bantry, àmọ́ ọgbà rẹ̀ tó bí hẹ́kítà 160, àgbọ̀nrín ń jẹ̀ káàkiri inú rẹ̀, odò Awbeg ń ṣàn gba àárín rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ilé nìkan ni wọ́n ń gbowó fún. Ilé yìí náà ni Elizabeth St Leger, ọmọbìnrin ìdílé yẹn, ti gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Freemason ń ṣe nínú yàrá kejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18. Nígbà tí wọ́n ká a mọ́, wọ́n mú òun náà wọ ẹgbẹ́ kí àṣírí má bàa tú. Ní 1752, ọkùnrin méjì fi ẹṣin sáré láti ṣọ́ọ̀ṣì Buttevant dé ti Doneraile, wọ́n ń fo odi àti kòtò, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wò láti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ eré ẹṣin afodi tí wọ́n ń pè ní steeplechase ti wá, torí steeple ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Kanturk ni èyí tí wọn ò parí. MacDonagh MacCarthy bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 1601, ó fẹ́ kó tóbi ju ti gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Wọ́n lọ fẹjọ́ sùn ní ìgbìmọ̀ ọba pé ilé yìí ti tóbi jù fún ẹni tó wà lábẹ́ ọba, iṣẹ́ sì dúró. Ògiri rẹ̀ ṣì ga fíofío pẹ̀lú ilé gogoro mẹ́rin ní igun rẹ̀, kò sí òrùlé, kò sí ilẹ̀ òkè. Kò sí amọ̀nà, kò sí owó àbáwọlé, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìlàjì wákàtí tó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti rí Barryscourt, ẹ wá wo ti Kanturk: wíńdò rẹ̀ tó fẹ̀, tí wọ́n fi òkúta pín, fi hàn pé ẹni tó ń kọ́ ọ ti ń ronú nípa ìmọ́lẹ̀ àti ìgbádùn, síbẹ̀ ó ṣì ṣe ògiri nípọn nítorí ogun.

Tó bá jẹ́ àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù

Ẹ kó wọn lọ sí Blackrock Castle, nínú ìlú Cork, létí odò Lee. Ọdún 1582 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ iná jó o, ohun tó dúró lónìí sì jẹ́ ti àwọn ọdún 1820. Láti 2007 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìmọ̀ ojú sánmà. Bí ilé olódi, kò ní ohun púpọ̀. Bí ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa ti béèrè ìbéèrè, kò lẹ́gbẹ́ nínú ìlú náà. Ojú ọ̀nà Blackrock Road kan náà ni olú ilé àwọn àlùfáà SMA ti Áyálándì wà, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sìn ní ìjọ Kátólíìkì ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn.

Kí ẹ tó gbéra

Káàdì kan wà tí OPW ń tà, tó ń jẹ́ kí ènìyàn wọ àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ń rà á nítorí Cork, wọ́n á wá dé Blarney kí wọ́n tó gbọ́ pé kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ ní ilé Fota, kò sì ṣiṣẹ́ ní Bantry. Ó ṣiṣẹ́ ní Doneraile àti Charles Fort, odi ogun kan ní Kinsale. Tí ẹ kò bá ní kọjá Cork, kò pé yín. Tí ẹ bá máa yà ní Cahir àti Cashel lójú ọ̀nà Dublin, tàbí Kilkenny, ó pé yín.

Ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba tó ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, físà tàbí ìwé ìgbélùú ti Ìlú Ọba kò tó fún Áyálándì. Ẹ gba ti Áyálándì lọ́tọ̀, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Pé wọn kì í sábà dá mọ́tò dúró láàárín Belfast àti Dublin kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Aṣọ: ìró àti agbádá kò bá àtẹ̀gùn tó ń lọ́ yíká mu, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo láti di okùn tàbí irin mú. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, torí òkúta tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan máa ń yọ̀ bí òjò bá ta sí i, òjò sì ń rọ̀ ní Cork nígbà gbogbo. Ọmọ ọwọ́, ẹ pọ̀n ọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ sùn nínú ilé àtijọ́ gan-an, Bantry House ní yàrá fún àlejò. Castlemartyr, ní ìlà oòrùn Cork, jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá nínú ilé ọlọ́lá, ahoro ilé olódi àwọn FitzGerald sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ballymaloe House wà lẹ́bàá Shanagarry, ilé gogoro àtijọ́ kan sì jẹ́ ara ilé náà. Myrtle Allen ló ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀ ní 1964, ohun tí àwọn àgbẹ̀ àti apẹja àdúgbò bá mú wá ló sì máa ń sè nígbà ayé rẹ̀. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní sùn síbẹ̀, ẹ lè jẹun níbẹ̀, àmọ́ ẹ pè wọ́n ṣáájú, pàápàá fún ọjọ́ Àìkú.